Jáàkì Nìkan Kò Tó

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ, tí ìbọ̀sẹ̀ wọn kò bára mu, yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, ẹni tó ni wọ́n sì ń súfèé lábẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ibùsùn rẹ̀. Táyà iwájú kan ti kúrò lára ọkọ̀ náà. Jáàkì kan ṣoṣo ló gbé e dúró, ilẹ̀ tí òjò àná rẹ ni jáàkì ọ̀hún sì wà, ó ti ń rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, aṣọ oníbàárà ló ń gbé lọ. Ó ju aṣọ náà sórí koríko, kò tiẹ̀ rántí pé funfun ni, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀," ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, "ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ máa yọ́ bọ̀."

"Ó ku nọ́ọ̀tì kan," ni ohùn abẹ́ ọkọ̀ dáhùn.

"Ẹ fi nọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ló jẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́ràn. Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ọ́ìlì ti kun gbogbo iwájú orí rẹ̀. Ó fẹ́ bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n kó tó lanu, jáàkì yẹ̀. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ gbì, irin tí wọ́n yọ táyà kúrò lórí rẹ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀ níbi tí àyà ọkùnrin náà wà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ibi tí ọkùnrin ti ń pàdé ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èyí tó ṣe báyìí rí. Aránṣọ bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó yẹ kó máa sunkún ló wá ń wá ohun tó máa fi nu ojú ọmọbìnrin náà, aṣọ funfun oníbàárà ló sì gbé.

"Ẹ má sunkún mọ́. Mi ò kú o."

"Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fi ń nu ojú mi," ni aránṣọ wí. Ẹ̀rín wá dà pọ̀ mọ́ ẹkún.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọkùnrin náà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kàn gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè kọ́ nínú ìwé. Ó gbé aṣọ náà lọ sílé, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ṣòkòtò tí kò ya wá pé kí ó bá òun rán an.

"Tíṣà, ibo ló ti ya?"

"Kò tíì ya. Mo ní kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀ ni."

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Aránṣọ ní òun yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè, nítorí ọmọ mẹkáníìkì lòun. Ó tún sọ fún un, láìgbé ojú sókè lára ẹ̀rọ ìránṣọ, pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣáájú òun, kú sábẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì lásán. Ọdún kẹwàá rèé. Bàbá àwọn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kò sì fọwọ́ kan sípánà mọ́.

Ní gbogbo Sátidé, àgbàlá ilé Tíṣà di kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ra ẹsẹ̀ irin méjì, irú èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́ ọkọ̀ kó lè dúró lé e. Ó gé igi tó máa fi dí táyà. Ó gbọ́n, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Kí la kọ́kọ́ ń wò?" ni aránṣọ máa ń bi í.

"Ojú ẹ."

"Tíṣà."

"Ilẹ̀. Ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò, kó le, kó sì tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, màá fi ọkọ̀ sí jíà, màá fa búréèkì ọwọ́, màá fi igi dí táyà tó bá máa wà nílẹ̀."

"Tí o bá ti gbé e sókè ńkọ́?"

"Màá ti ẹsẹ̀ irin sábẹ́ ẹ̀ níbi tí irin ọkọ̀ ti nípọn, màá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e lórí. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró."

"Búlọ́ọ̀kù kò lè ṣe é?"

"Búlọ́ọ̀kù á fọ́, ọ̀gá mi. Ẹsẹ̀ irin ni. Màá tún mi ọkọ̀ náà dáadáa kí n tó yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀."

"O gbìyànjú. Ó ku bí wàá ṣe máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó bára mu."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé ọkọ̀ kọ́ ni àwọn ń tún ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́ nínú abọ́ kan náà, Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú omi ọṣẹ, ó ní kí ó fẹ́ òun. Aránṣọ ní òun fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. "Ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èmi nìkan ló kù fún un."

Aránṣọ kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ Bàbá: kó sọ pé ṣòkòtò lòun gbé wá rán tí àwọn fi mọra. Kó má dárúkọ jáàkì.

Bàbá gbà á dáadáa. Wọ́n ṣeré, wọ́n rẹ́rìn-ín, títí Bàbá fi béèrè pé, "Níbo lẹ̀yin méjèèjì ti pàdé?"

Aránṣọ tẹ Tíṣà lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Tíṣà wo ojú bàbá náà, kò sì lè purọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. "Ọmọ méjì ni mo bí," ó wí. "Ọkọ̀ ti pa ọ̀kan. Mi ò ní fi èkejì fún ẹni tó ń fi àyà ara ẹ̀ dán jáàkì wò, kó wá di opó níṣojú mi."

"Sà, mo ti kọ́gbọ́n. Ọmọ yín ló kọ́ mi."

"Ohun tí o kọ́ nígbà tí ọwọ́ ẹ dilẹ̀, ìgbà tí o bá ń kánjú la máa mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n. Ó dàárọ̀."

Lójú ọ̀nà, aránṣọ bínú débi pé kò lè rìn tààrà. "Irọ́ kékeré kan ṣoṣo, o ò lè pa á?"

"Tí mo bá pa á fún bàbá ẹ lónìí, ìwọ ni màá pa á fún lọ́la."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni aránṣọ kò fi dé àgbàlá Tíṣà. Inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó ń rán ọwọ́ aṣọ mọ́ ibi ọrùn, ó ń tú u, ó tún ń rán an. Nígbà tó yá, ó mọ̀ pé òótọ́ tí Tíṣà sọ gan-an ni ohun tí òun fẹ́ràn lára rẹ̀. Ó lọ bẹ bàbá rẹ̀ títí tí bàbá fi ní, "Kó mú ìyá ẹ̀ wá ní Sọ́ńdè. Aago mẹ́wàá. Tó bá fi lè pẹ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́."

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè náà, Tíṣà bá ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì tó dí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti tú, ọkọ̀ náà kò sì ṣe é wà bẹ́ẹ̀. Kò ju kí ó fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀mejì. Jáàkì wà, sípánà wà, ṣùgbọ́n aládùúgbò kan ti yá ẹsẹ̀ irin rẹ̀ lánàá, ó sì ti jáde nílé.

Ìyá rẹ̀ ti wọṣọ tán, ó dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá nítorí orúnkún tó ń dùn ún. "Ọmọ mi, aago mẹ́sàn-án ti lù. Ìṣẹ́jú méjì ni. Wọ abẹ́ ẹ̀, màá máa gbàdúrà fún ẹ."

Tíṣà gbé jáàkì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kó yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀, torí ó fẹ́ ọmọbìnrin yẹn ju ohunkóhun lọ. Ó tẹjú mọ́ abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀.

"Màmá, a máa fẹsẹ̀ rìn ni. Tá a bá rí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, a máa wọ̀ ọ́."

"Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn."

"Ejò kò ní orúnkún," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọn kò rí ọkọ̀ kankan. Tíṣà pe aránṣọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n inú yàrá ni fóònù rẹ̀ wà, òun sì jókòó sí pálọ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń wo aago. Mẹ́wàá lù. Mọ́kànlá lù. Nígbà tí wọ́n fi máa kan ilẹ̀kùn, méjìlá ti kọjá.

"Aago mélòó ni mo dá?" ni Bàbá bi í.

"Mẹ́wàá, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì náà, òógùn ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀.

"O ní jáàkì?"

"Mo ní in, sà."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni iṣẹ́ náà?"

"Méjì."

"O sì mọ̀ pé tí o bá pẹ́, mi ò ní fún ẹ lọ́mọ mi."

"Mo mọ̀, sà. Mo rò ó pé tí mo bá pẹ́, ẹ lè lé mi. Ẹni tí wọ́n bá sì lé ṣì lè padà wá bẹ̀bẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Bàbá kọjú sí.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ kì í ṣe aláìbìkítà. Mo jẹ́ kí o máa rò pé àìbìkítà ẹ̀ ló pa á. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kan dúró tì wá, ó ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n ẹ ń wá ẹsẹ̀ irin kiri. Èmi ni mo sọ fún un pé, kí lo tún ń wá, ìṣẹ́jú méjì ni, wọ abẹ́ ẹ̀." Ó ṣí fìlà kúrò lórí. "Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Aránṣọ dìde, ó di orí bàbá rẹ̀ mọ́ àyà, bàbá náà sì sunkún bí ọkùnrin tí kò tíì sunkún láti ọdún mẹ́wàá.

Ìyá Tíṣà ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. "Èmi náà ní kó wọ abẹ́ ẹ̀ láàárọ̀ yìí," ó rọra wí. "Mo ní màá máa gbàdúrà. Kò sí òbí tí kì í kánjú, bàbá. Orí ló kó èmi yọ."

Bàbá wò ó, ó mi orí. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ẹsẹ̀ irin méjì jáde, wọ́n ti dípẹtà díẹ̀. "Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó rí wọn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà." Ó kó wọn lé Tíṣà lọ́wọ́. "Mú wọn lọ. Èmi náà á bá ẹ lọ di nọ́ọ̀tì yẹn." Ó wá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ Tíṣà, lórí irin náà. "Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ fara balẹ̀ mú un, kò sí ìkánjú."

Aránṣọ nu ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kánjú ṣe ẹyọ kan yìí."

Ẹ̀rín pa Bàbá. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá Tíṣà pé Sátidé wo ni orúnkún rẹ̀ máa lè gbà.