Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Ẹni Tó Ń Rì

Akunlé ni ọkùnrin yìí, Kòséwu sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èsì tó máa ń fọ̀ sí gbogbo ìkìlọ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí o bá sọ fún un pé àkàbà tó dúró lé kò dúró dáadáa, á ní, "Kò séwu." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ọtí náà ti ń pọ̀ jù, á ní, "Kò séwu." Nígbà tí dókítà fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sì mi orí, Kòséwu mi orí tirẹ̀ náà, ó wọ bàtà, ó sì gba ilé ọtí lọ.

Ó sanra, ikùn rẹ̀ yọ, ohùn rẹ̀ sì le débi pé bó bá rẹ́rìn-ín lórí òrùlé, ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ máa ń rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ni ọgbà ìgbafẹ́ etíkun fi máa ń gbé iṣẹ́ Bàbá Kérésì fún un lọ́dọọdún. Bí ọdún bá ti ń kanlẹ̀kùn, Kòséwu á kọ́kọ́ kun àwọn àga àti ahéré etíkun ní pupa àti funfun, lẹ́yìn náà á fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, á sì gbé irùngbọ̀n òwú sí àgbọ̀n.

Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìgò ọtí kan máa ń wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀bùn, láàárín bọ́ọ̀lù àti ọmọlángidi.

Ẹni tó mọ̀ ni Fèrè. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, fèrè tó ń gbé kọ́rùn ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà kan rí, ife kan náà lòun àti Kòséwu jọ ń mu. Ṣùgbọ́n Fèrè fi ayé rẹ̀ fún Jésù, ó sì fi ife sílẹ̀. Kòséwu kò dárí èyí jì í. Lójú tirẹ̀, ọ̀rẹ́ tó fini sílẹ̀ nídìí ìgò, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, etíkun kún fọ́fọ́. Bọ́ọ̀sì ń já àwọn ẹbí sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn kan ń gun ẹṣin létí omi, àwọn kan ń fa okùn, àwọn ọmọdé ń fi iyanrìn kọ́ ilé, àwọn ayàwòrán sì ń bẹ àwọn tọkọtaya pé kí wọ́n sún mọ́ra díẹ̀ sí i. Àwọn ìyá àgbà ká aṣọ sókè dé orúnkún, omi fọwọ́ kan wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń kígbe bí ọmọge. Ìyàwó Kòséwu náà wá. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ agboòrùn, òun àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún náà, ọ̀gá ọgbà ní Bàbá Kérésì kò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú omi ni yóò gbà wá, lórí ìdúró nínú ọkọ̀ tí wọ́n so bàlúùnù mọ́ yíká, kí gbogbo èèyàn lè rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Fèrè bá a nídìí ọkọ̀, ó na ẹ̀wù amúniléfòó kan, tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, sí i.

"Wọ èyí sábẹ́ aṣọ pupa yẹn. Òwú ló kún inú aṣọ náà. Bó bá fa omi mu, á wúwo bí òkúta lára rẹ."

"Bàbá Kérésì wo lo rí tó wọ amúniléfòó?"

"Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ."

"Ó ti rùn lẹ́nu tìẹ náà rí. Mi ò pe wòlíì o."

Fèrè rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí à ń tìtorí ẹ̀ ṣọdún yìí, kì í ṣe torí ká lè gbafẹ́ ló ṣe wá sáyé. Irú èmi àti ìwọ ló wá gbà là. O mọ̀ pé mo mu jù ọ́ lọ nígbà yẹn. Ó sì gbà mí."

Kòséwu wo òkun lọ títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Bó bá ń wá mi, sọ fún un pé mi ò sá. Orí omi ni mo wà. Kó wá bá mi níbẹ̀."

Ló bá gba amúniléfòó náà, ó fi tẹ́ ìdí, ó sì ní kí atukọ̀ máa gbéra.

Ìgbì tó gbé e ṣubú kò tóbi rárá. Irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fò mọ́lẹ̀ fò sókè lórí rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ti ń sún mọ́ èbúté, orin ń dún, èrò ti dìde dúró lórí ẹní. Kòséwu ti mu ohun tó wà nínú àpò kù díẹ̀. Ó dìde, ó gbé àpò náà lérí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ mì. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú òkun, tàpòtàpò. Kí atukọ̀ tó mọ̀, eré ọkọ̀ ti gbé e kọjá.

Gbogbo etíkun bá ń pàtẹ́wọ́.

Kòséwu kọ́kọ́ rò pé òun á dìde. Ó wá ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bá a. Aṣọ náà fa omi mu, ó dì mọ́ ọn lápá àti lẹ́sẹ̀. Irùngbọ̀n òwú lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yọrí sókè, ó na ọwọ́ kan sí wọn pé kí wọ́n gba òun, ariwo ẹ̀rín sì tún lọ sókè. Ó la ẹnu láti ké, omi wọlé, ohùn kò jáde. Lẹ́ẹ̀kejì tó yọrí, ó rí ẹnìkan tó gbé ọmọ sí èjìká kó lè ríran dáadáa. Ọmọ náà ń juwọ́ sí i.

Bóyá o rò pé ó gbàdúrà. Kò gbàdúrà. Inú ló ń bí i. Ó ń bínú sí òkun, ó ń bínú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bínú sí Ọlọ́run pàápàá, títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn.

Nígbà tó lajú, orí iyanrìn ló wà, omi iyọ̀ àti ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Fèrè kúnlẹ̀ tì í, omi ń ro lára rẹ̀. Èrò yí wọn ká. Kòséwu gbára lé ìgúnpá, ó dìde jókòó.

"Kí ló pa yín lẹ́nu mọ́?" ó ní. "Ẹ máa pàtẹ́wọ́ nìṣó. Kò séwu. Àpò mi dà?"

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó bá fara pa. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan, garawa kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Aṣọ pupa náà wà lórí ìṣó, ó ń kán tótó. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ti sú u.

"Ìwọ ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," Kòséwu sọ fún Fèrè. "Ti Ọlọ́run rẹ, mi ò bẹ̀ ẹ́. Má wá fi omi dẹ́rù bà mí. Bí mo bá kúnlẹ̀ torí ẹ̀rù, ara mi á gbẹ tán, màá sì padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Mo mọ ara mi."

"Òótọ́ lo sọ," Fèrè dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́."

Kòséwu yíjú sí i.

"Mo rò pé eré ni. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn, mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ ló sáré wá fà mí láṣọ tó ní kì í ṣe eré."

Ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe eré?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣubú nílé, Dádì."

Kòséwu la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. Ó rántí ìrọ̀rí kan tó máa ń bá nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bó bá ti ilé ọtí dé. Ó ti ń rò ó pé ọmọ ń fi ṣeré ni. Àṣé òun ni ọmọ náà ń tẹ́ ilẹ̀ dè, kí ilẹ̀ má bàa le jù nígbà tí òun bá ṣubú.

Ohun tí òkun kò lè ṣe fún un, ọ̀rọ̀ yẹn ṣe é. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Olúwa," ó ní, "mi ò pè Ọ́ torí omi. Mo ti ba ilé mi jẹ́, mo sì ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé irú mi lo tìtorí rẹ̀ wá, tó o tìtorí rẹ̀ kú, gbà mí. Mi ò lè gba ara mi."

Fèrè kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè ṣe àmín, torí ó ti gbọ́ ìlérí rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà wá kúnlẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ara tù ú láti ọjọ́ náà. Ó da ọtí tó fi pamọ́ sẹ́yìn agolo ọ̀dà nù, gbogbo ara rẹ̀ sì gbọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹni tí ibà mú. Ó ń pe Jésù nínú òógùn. Kò padà sídìí ọtí.

Lọ́jọ́ Ọdún Tuntun, ọ̀gá ọgbà ránṣẹ́ pè é.

"Kòséwu, Bàbá Kérésì tó ń já sómi ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Màá fi àwọn òmùwẹ̀ dúró dè ọ́. Kó o kàn ṣubú bíi tọjọ́ yẹn."

"Mi ò ní ṣubú mọ́, Mà."

"Ṣebí eré ni."

"Lójú tiyín ni, Mà. Nílé tèmi, kì í ṣe eré."

"Ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ náà o."

"Kó gbà á, Mà. Ẹ sáà jẹ́ kó wọ amúniléfòó."

Bó ṣe ń jáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ké sí i láti abẹ́ ahéré. "Ẹ wá wo Pásítọ̀ o," ni wọ́n ń wí. Ọ̀kan bu ọtí kún ife, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọwọ́ Kòséwu bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń gbọ̀n. Mo fẹ́ ọtí yìí ju bí ẹ̀yin ṣe fẹ́ ẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, bó bá ní kí n wá, mo ti dé. Lónìí ó ní kí n wá, mo ní mi ò lọ. Jésù ló fún mi lẹ́nu tí mo fi ń kọ̀ ọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín."

Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ létí omi. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wá sí etíkun náà, kò jókòó tì wọ́n rí. Lọ́jọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì fi iyanrìn bò ó títí dé ọrùn, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ibi ìgbafẹ́ ọdún ni wọ́n ti fi lé ọ lọ́wọ́, tó o sì fẹ́ fi nu ọwọ́. Dúró ná. Kò sẹ́ni tó ní kó o má gbádùn ọdún rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń rì lábẹ́ aṣọ ọdún tó o wọ̀ yẹn? Bóyá ọtí kọ́ ni tìrẹ. Ó lè jẹ́ panṣágà, ó lè jẹ́ irọ́, ó lè jẹ́ ìgbéraga. Àwọn ará ìta ń yìn ọ́. Àwọn ará ilé rẹ mọ òótọ́, Ọlọ́run náà sì mọ̀ ọ́n.

O ní olórí kunkun ni ọ́, pé kò sẹ́ni tó lè yí ọ lọ́kàn padà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni kó o lọ ṣe orí kunkun sí. Òun ló ń rán ọ níṣẹ́ bí ẹrú láti àárọ̀ ọjọ́, ìwọ sì ń jẹ́ ẹ kíákíá. Kọ̀ fún un lónìí. O ò ní lè dá a kọ̀, ìdí sì nìyẹn tí Jésù fi wá.

Má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀ fún ọ. Ibi tó o wà yẹn náà tó, ì báà jẹ́ orí iyanrìn, ì báà jẹ́ inú bọ́ọ̀sì. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, kó o sì ní kó gbà ọ́. Ó ń gbọ́ ọ báyìí. Pè é.