Oko Mi, Ọkọ Mi

Nígbà tí Ọmọ Télọ̀ ru ẹ̀rọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò bá èèyàn kankan níbẹ̀ àfi ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan dúdú, èkejì àwọ̀ eérú.

"Ẹ̀yin ẹsẹ̀, ẹ káàsán o!"

Orí gbá tábìlì gbàù. Ọkùnrin kan jáde, wáyà rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wáyà náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀rín yẹn wọ Ọmọ Télọ̀ lára ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbàgbé ohun tó gbé e wá fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Bí wọn ò bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí áàpù rẹ̀ ṣí, kò lè rán ohunkóhun, áàpù ọ̀hún sì ti kọ̀ jálẹ̀.

"Ara ẹ̀rọ yín le koko, Àǹtí," ni Wáyà wí lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́ títí. "Áàpù ló ní òun ò ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a wà."

"Kí ni ilẹ̀ tí a wà ṣe é?"

"Àwọn tó ṣe é ti pín ayé, wọn ò pín in kàn wá. Màá kọ lẹ́tà sí wọn."

Ọ̀rọ̀ ò ṣeé fi falẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó fi ogójì ọdún rán aṣọ kó tó fẹ̀yìn tì, ò fẹ́ rí ẹ̀rọ náà sójú. Ó ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣe iṣẹ́ kan tí oníbàárà gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa jáde nílé òun, ọmọ náà á sì lọ bá àbúrò òun obìnrin ta bàtà ní ìlú mìíràn.

Ni Wáyà bá ń wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ gbogbo, láti wá sọ pé èsì ò tíì dé.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni Bàbá bi í lọ́jọ́ karùn-ún, "èsì lẹ́tà yẹn, ṣebí inú fóònù yín ló ń gbà wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àbí pálọ̀ mi ni nẹ́tíwọ̀kì ti dáa jù ni?"

Ọmọ Télọ̀ sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Ó ti nífẹ̀ẹ́ Wáyà, kò sì mọ bí òun ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ ta bàtà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ náà ṣí áàpù fún wọn ní èdè méje. Tiwọn ò sí níbẹ̀. Wáyà bá túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ó lẹ bébà pélébé mọ́ ara àwọn bọ́tìnnì: "Bẹ̀rẹ̀." "Dúró ná." "Èyí, má tẹ̀ ẹ́ o!" Ọ̀kan tí kò níṣẹ́ kankan wà ní igun ẹ̀rọ náà. Ó kọ sí ìyẹn pé: "Adúmáadán mi, bó o bá nífẹ̀ẹ́ mi, tẹ ibí."

Ọmọ Télọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́rú ni oníbàárà àkọ́kọ́ dé, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ "Ọkọ mi" sára aṣọ ìnura funfun. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó dákẹ́. Ohun tó kọ ni "Oko mi." Kò sí lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ nínú gbogbo èdè méjèèje.

Bàbá wọ jígí ojú rẹ̀. "Ta ló ń fi aṣọ ìnura nu oko?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ le. "Ọ̀tunla lọjọ́ pé. Máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

"Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn," ni Wáyà wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò."

"Nígbà wo?"

"Wọn ò dá ọjọ́."

Omijé bọ́ lójú Ọmọ Télọ̀. "Bí mo bá lọ, ta lo fẹ́ máa wá sọ fún pé èsì ò tíì dé?"

"Ìwọ náà ni. Ibi tó o bá wà ni màá máa gbé e wá."

Ọmọ Télọ̀ nu ojú, ó tún wo aṣọ náà. Àmì lásán ló kù! Ó mú abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀, ó wé òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó fà á. Kókó kékeré kan jókòó sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ṣe èkejì, oko bá di ọkọ.

Bàbá fi ìka tọ́ kókó náà wò. "Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà."

Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí i pé inú òun dùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyàwó ojú ọ̀nà gba aṣọ rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n bá òun ṣe mẹ́fà sí i.

"Ẹ̀rọ lè dúró," ni Bàbá wí.

"Wáyà ńkọ́?"

"Wáyà ò sí nínú àdéhùn wa."

Ọmọ Télọ̀ ò bá a jiyàn. Ó fi ẹ̀rọ kọ "Oko mi" sára aṣọ ìnujú kan, ó sì nà án sí Wáyà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ olówùú. "Bó o bá gbà, fi àmì sí i."

Òógùn bo Wáyà. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mẹrin, Bàbá sì ń yọjú wò ó láti orí àga. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá.

"Àmì kejì wọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Màá tú u, màá tún un rán."

"Má tú u." Bàbá dá aṣọ ìnujú náà padà fún un. "Ìyàwó rẹ á bá ẹ tún un ṣe."