Ìtẹ̀ka Ìyá Siranush

Mi ò purọ́ mọ́ òkú rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìṣojú mi ló ṣe.

Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Tufenk, ní ìlú Fresno, ni mo ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé níwájú mi á tẹ̀ka sínú ìwé ńlá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin Ìyá Siranush, ọlọ́gbà àjàrà. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Hagop àti Araksi, wọlé wá. Wọn ò wojú ara wọn.

Hagop ju ìwé ìhágún sórí tábìlì. "Èmi ni màmá fi ọgbà fún. Ó wà níbí."

"Ìhágún ò lè pín ohun tí kò sí lọ́wọ́ olóògbé mọ́," ni agbẹjọ́rò wí. "Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí màmá yín ti kó ọgbà sínú ìwé ìfisíkàáwọ́. Ìhágún ń dúró de ikú àti ilé ẹjọ́. Èyí ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n wà láyé, ará ìta ò sì ní kà á. Araksi ló ń ṣọ́ ọgbà báyìí, fún ẹni tí wọ́n dárúkọ."

"Olè!" Hagop kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ó di ilé ẹjọ́, kí gbogbo ayé gbọ́!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Èmi gan-an ò tíì kà á."

Agbẹjọ́rò ṣí ìwé náà. Àtúnṣe kan wà lójú ewé tó kẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n buwọ́ lù ú.

Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìsìnkú.

Gbogbo wọn wò mí. Òǹtẹ̀ mi ló wà níbẹ̀.

"Màmá yín wá," ni mo wí. "Lọ́sàn-án gangan. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kú." Mo rántí ọwọ́ wọn. Ó tutù. Oòrùn ń jó níta, àmọ́ òórùn erùpẹ̀ tútù gba gbogbo yàrá.

"Araksi ló rán ẹ, àbí?" ni Hagop bi mí.

Mo ṣí ìwé ńlá mi. Agbẹjọ́rò fi ìtẹ̀ka náà wé ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀kan náà ni. Àpá ọ̀bẹ ìkórè là á láàárín, nínú méjèèjì.

"Kí ni wọ́n tún ṣe?" Araksi béèrè.

"Wọ́n yọ ẹ̀yin méjèèjì. Levon ló ni ọgbà," ni agbẹjọ́rò kà.

Araksi fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Hagop funfun bí eérú.

"Ta ni Levon?" ni agbẹjọ́rò béèrè.

Hagop rọra ká ìwé ìhágún rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló sọ. "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé ilé ẹjọ́."

Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Wọ́n jáde.

Ọdún méjì nìyẹn. Àwọn méjèèjì ti kó kúrò nílùú. Levon kankan ò wá, àwọn méjèèjì ò sì sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Géètì ọgbà wà ní títì. Síbẹ̀ ẹnì kan ń ká àjàrà, ó ń sá a sórí bébà láàárín ebè. Mo kọjá níbẹ̀ lánàá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i kó lè gbẹ dáadáa ni. Erùpẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó kúnná bí èlùbọ́.

Mi ò rí ipa ẹsẹ̀ kankan.