Ìgò Epo Fẹ̀yìntọlá

Láìwọ bàtà ni ọmọbìnrin kan gun àtẹ̀gùn ilé àyẹ̀wò oúnjẹ kan lọ́dún 1991, nínú aṣọ funfun ìjọ Kérúbù, ó gbá ìgò epo pupa mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìyàndá, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, gbójú sókè. Kò rántí ohun tó ń kọ mọ́.

"Fẹ̀yìntọlá lorúkọ mi, láti Ìrókò. Àbúrò mi méjì ti kú láàárín oṣù kan. Gìrì ló mú wọn. Wọ́n ní ìyá mi ló pa wọ́n jẹ. Kò sẹ́ni tó ń jẹun lọ́wọ́ wa mọ́. Ẹ bá mi wo epo tá a fi ń sebẹ̀."

Ẹ̀rọ náà a máa wọn ohun tójú ò lè rí, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá Ìyàndá ní kí ọmọbìnrin náà máa lọ sílé. Ìyàndá kọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rá epo lè bo májèlé mọ́lẹ̀, bí ariwo ọjà ṣe ń bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fi sípírítì fọ epo, ó gbé e sínú yìnyín kí ọ̀rá lè dì, ó da sípírítì orí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Fẹ̀yìntọlá ń wá.

"Bọ̀ọ̀dá Ìyàndá, àbí ẹ ti fi epo mi jẹ iṣu ni?"

"Bí mo bá jẹ ẹ́, ta ni yóò máa dúró dè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀?"

Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Kí n má parọ́, ìfẹ́ ti wọ àárín wọn kí àyẹ̀wò tó parí.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rọ rí i: oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó.

"Inú kí lẹ ń rọ epo sí?"

"Agolo kan tí mo rí lóko. Mo fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbé e fún Màmá..." Ó wo ìgò epo tó wà lórí tábìlì. "Èmi ni mo pa wọ́n."

"O ò mọ̀. Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ọjà ni epo ti bàjẹ́."

"Rárá. Irú agolo bẹ́ẹ̀ ń bẹ nílé àwọn míì."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ, ó sọ gbogbo rẹ̀. Agolo mọ́kànlá ni wọ́n kó jáde nílé-ilé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kì í sinmi: Fẹ̀yìntọlá gan-an ni wọ́n wá ń yà fún lọ́nà.

Ìyàndá bá a nídìí ààrò nírọ̀lẹ́.

"Ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ta ni yóò fẹ́ ẹni tó pa ọmọ ìyá ẹ̀?"

"Ebi ń pa mí," ni Ìyàndá wí.

Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. Ó bu iṣu, ó da epo tuntun sí i. Ìyàndá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo.

"Bù kún un," ló wí. "Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ máa ti jẹun títí n ó fi kú."

Fẹ̀yìntọlá ń sunkún, ó sì ń bù ú.