Àmì Márùn-ún Tí Àǹtí Ẹ Dákẹ́ Ń Kọ́ Wọn

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí agogo mẹ́wàá bá ti fẹ́ lù, alábòójútó ilé ìkàwé àdúgbò máa ń to àga méjìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á nu pátákó, á sì kọ àmì márùn-ún sí i: orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, oyè rẹ̀, ọjọ́ tó kọ ọ́, àdírẹ́sì rẹ̀, àti àwòrán rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́ lórí fóònù. Ìwé tó fi ń kọ́ wọn ti gbó débi pé etí rẹ̀ ti rọ̀ bí àkísà. Àǹtí Ẹ Dákẹ́ ni àwọn tó ń wá kàwé ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀kọ́ parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n lọ. Ó kọ "ó dára" sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́, ó ní kí òun yà kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó jẹ́ aránṣọ.

Ó bá ẹ̀gbọ́n tó gbórí lé tábìlì ìránṣọ. Ó bi í pé kí ló dé, ìyẹn ní kò sí nǹkan kan, orí ló kàn ń fọ́ òun láti àná. Àǹtí Ẹ Dákẹ́ nawọ́ mú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lórí pẹpẹ, ó ṣí i. Bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yín dà?"

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ rèé."

Ló bá na fóònù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba kíndìnrín jẹ́, pé kí ẹni tó bá ń lò ó yáa jáwọ́, kó máa mu omi èèpo àlùbọ́sà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ogójì ọjọ́.

Inú bí àbúrò. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n òun wá jókòó síwájú nínú ẹ̀kọ́ òun, tó ń mi orí bí alángbá, ṣé irú èyí ló kù tó máa wá gbà gbọ́. Ó ní àṣé agbọ̀n lòun fi ń pọnmi láti ọdún mẹ́sàn-án yìí. Ó sọ, ó tún un sọ, kò mí.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí. Àmì márùn-ún náà wà níbẹ̀, ó sì ti fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà. Oyè, dókítà ni. Oṣù yìí ni wọ́n kọ ọ́. Àdírẹ́sì wà. Àwòrán ọkùnrin onígíláàsì kan wà, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn.

"Ohun tó o kọ́ mi ni mo ṣe," ó ní. "Èwo ni mo fò níbẹ̀?"

Àǹtí Ẹ Dákẹ́ gba ìwé náà, ó yẹ àmì náà wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fo ìkankan.

Ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ dì í lápá, ó wo ohun tí ẹ̀rọ wí, ó tún un dì. Kò fẹsẹ̀ rìn lọ pe dókítà, ó sáré ni. Nígbà tí wọ́n ti fún aláìsàn lóògùn tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ pé ẹnì kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tó máa torí omi àlùbọ́sà yìí pa oògùn tì. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń tì wọ́n, nítorí gbogbo wọn ló ń sọ pé ilé ìkàwé ló kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò.



Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Olùkọ́ ti wà nídìí tábìlì ìwé ìròyìn nílé ìkàwé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, kò sì sí àárọ̀ tí kì í wá. Àǹtí Ẹ Dákẹ́ lọ tú gbogbo ẹjọ́ sí i lára. Ó bú àwọn òpùrọ́ orí fóònù, ó bú àwọn tí kò létí ìgbọ́ràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú àlùbọ́sà pàápàá.

Bàbá ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "O ti bínú sí gbogbo ayé tán. Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni, bàbá?"

"Ẹni tó ń kọ́ wọn."

Ó ní kó gbé ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ó ṣí i níbẹ̀rẹ̀, ó ṣí i láàárín, ó ṣí i lẹ́yìn. Ó dára, ó dára, ó dára. Bàbá bi í pé kí ló dára níbẹ̀. Ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ìdánwò, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn mi ni wọ́n ń há sórí. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ibo ni mo ti ṣì wọ́n lọ́nà ni mo tó di olùkọ́."

Ó là á yé e pé kí òógùn ẹ̀kọ́ tó gbẹ, kí olùkọ́ jókòó, kó kọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe, ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀, àti ohun tóun fúnra rẹ̀ máa yí padà. Ní ti àmì márùn-ún, ó ní òpùrọ́ náà lè kọ orúkọ, ó sì lè ya fọ́tò. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn kì í bi onítọ̀hún. Aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń bi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àǹtí Ẹ Dákẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, kò kọ nǹkan kan sí pátákó. Ó ṣí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yẹn fún àwọn mọ́kànlá tó wá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa gbà á gbọ́. Mẹ́jọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi wọ́n pé kí nìdí, àmì òun ni wọ́n ń kà fún un. Ó ń ṣe é bíi kó wọlẹ̀.

Ó ní kí wọ́n fi ojú ìwé náà sílẹ̀, kí wọ́n wá ohun tí àwọn ẹlòmíì mọ̀ nípa ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n wá a títí. Ilé ìwòsàn tó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ilé ìtajà táyà ló wà ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ aránṣọ, tóun náà wá lọ́jọ́ náà, ló rí àwòrán náà níbòmíì lórí fóònù.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rán mi lọ sọ́run, bàtà ló ń polówó níbí."

Lọ́jọ́ náà, Àǹtí Ẹ Dákẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Mẹ́jọ nínú mọ́kànlá gbà á gbọ́, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Méjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì yára jù. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ má torí ohun tí ẹ kà lórí fóònù pa oògùn tì láìbi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín. Orúkọ, oyè àti àwòrán ò sọ irọ́ di òótọ́. Ẹ jáde kúrò lójú ìwé náà, ẹ wádìí ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò bá a tan. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni, nílé ìkàwé, nílé ẹ̀kọ́, níbikíbi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣìnà, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹ fi hàn án kí ẹ tó bá a wí. Bí wọ́n bá sì pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ní kí wọ́n ṣe ohun tí ẹ kọ́ wọn lójú yín.