Iyọ̀ Inú Ìgò

Ẹsẹ̀ Fareedah ti ń yọ̀ lórí pákó kí Ọlápọ̀sí tó di apá rẹ̀ mú. Ìgò tó fẹ́ fi bu omi ọ̀sà já bọ́, ó sì léfòó lọ.

"Àǹtí, ṣé omi ẹ̀rọ ti tán ní Akoka ni?"

"Omi yìí gan-an ni mo fẹ́. Ẹ bá mi mú ìgò mi, ẹ yéé fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó mú un. Ó tún béèrè orúkọ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni Fareedah ní yunifásítì tó wà ní Akoka. Ó máa ń se ìpẹ́ ẹja títí á fi dà bí àtè, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á sì gbẹ di ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ẹlẹ́ja lè fi di ẹja. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀rá náà ṣe máa ń wú tó nínú omi ọ̀sà, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Omi oníyọ̀ kì í jẹ́ kó wú. Omi tí kò níyọ̀ á mú un wú títí á fi ya.

Ọlápọ̀sí, ọmọ apẹja Ìlàjẹ ní Bariga, gbà láti máa bu omi náà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, wọ́n ti jọ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Olóòórùn ẹja mi," Fareedah á wí.

"Ìwọ tó ń se ìpẹ́, ṣé tùràrí lò ń rùn ni?"

Òjò dé. Ọlápọ̀sí tọ́ omi wò, kò níyọ̀ mọ́. Ó rò pé ọ̀rá Fareedah á ya, iṣẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́. Ó da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ìgò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, Fareedah sáré wá sétí omi.

"Ọ̀rá mi ò wú jálẹ̀ òjò! Tí mo bá ti kọ ìwé ìwádìí mi tán lóṣù yìí, iṣẹ́ ń dúró dè mí n'Íbàdàn. Pọ̀sí mi, bá mi yọ̀!"

Bí Ọlápọ̀sí ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

"Èmi ni mo fi iyọ̀ sí i," ni Ọlápọ̀sí wí.

"Sí èwo?"

"Gbogbo èyí tí mo bù látìgbà tójò ti dé. Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni."

Fareedah jókòó sórí pákó. "Tó bá ya, iṣẹ́ ò bàjẹ́. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ọlápọ̀sí kó pariwo.

Lọ́jọ́ kejì, Fareedah sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn gba iṣẹ́ Ìbàdàn. Oṣù mẹ́fà ni Fareedah ò fi dé etí omi.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó dé, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ máa tukọ̀. Èmi ni mo máa bu omi."

"Lẹ́yìn òjò ńkọ́?"

"Wá bá bàbá mi nílé wa ní Bajulaiye. Wọ́n á bi ẹ́ nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ. Sọ bó ṣe rí. Má fi nǹkan kan kún un."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù lóṣù kọkànlá. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìbàdàn nílé wọn, Ọlápọ̀sí á rọra bọ́ síta.

Ìgò mẹ́rìndínlógún tí Ọlápọ̀sí fi iyọ̀ sí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, pẹ̀lú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Kò sí èyí tó wú.