Òkú Kì Í Kà Kọjá Ẹ̀ta

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí iṣin àti ẹja oníyọ̀ tí mo gbé kaná tó hó, mo ti na àkúdàáyà mọ́kànlélógún ní ìnà tí wọ́n fi padà sínú sàárè wọn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn látinú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi àwọn òkú náà. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bẹ̀ mí títí di òní.

Èmi ni Uriel Pottinger, káfíńtà Mount Patience, lórí òkè ní Jàmáíkà, níbi tí ìkùukù ti ń sọ̀kalẹ̀ wá bá wa ní aago mẹ́ta ọ̀sán bí ẹni tó wá gba oúnjẹ. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, torí nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọgbọ́n mi ti pọ̀ ju ti tíṣà lọ. Èmi ni mò ń kan bẹ́ẹ̀dì, èmi náà ni mò ń kan pósí. Nọ́ọ̀sì Marva ti ilé ìwòsàn wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí, kí ẹni tó ní bàbá, tó ní ìyá, tó ní ọkọ tàbí aya lè fi kọ́gbọ́n. Ó ní kí n má ṣe bù mọ́ ọn. Mo ti gbọ́.

Ilé Bàbá Ferron àti Màmá Icilda lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n ti fẹ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yà síbẹ̀ láti jẹ gbẹ̀rẹ̀fútù sísun, torí imú mi lè gbọ́ òórùn gbẹ̀rẹ̀fútù láti erékùṣù kejì. Màmá bu kọfí fún mi. Iyọ̀ ló fi sí i dípò ṣúgà. Ìgbà kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Mo mu ún tán, ọ̀fẹ́ ṣáà ni.

Bàbá Ferron wà níta, ó ń pọ́n àdá. Màmá sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Uriel, rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o rí ọkùnrin tó wà níta yẹn?"

"Màmá, Bàbá Ferron mà ni."

"Ojú Ferron ló gbé wọ̀. Fìlà Ferron ló dé. Ó mọ bí Ferron ṣe ń wúkọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ferron. Ferron ti kú. Nǹkan yìí ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lálaalẹ́, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀."

Mo wo ìta. Bàbá Ferron gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, eyín rẹ̀ pọ̀ jù.

Gbogbo wa lórí òkè yìí la mọ ohun kan: òkú kì í kà kọjá ẹ̀ta. Bó bá wá síwájú ilé rẹ, da ẹ̀wà òtílí sílẹ̀ fún un. Yóò kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Yóò tún bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ òtílí kan nínú àwo Màmá, mo dà á sí ẹsẹ̀ Bàbá Ferron, mo bu òmíràn sápò.

"Bàbá, ẹ bá mi kà á."

"Uriel, ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ ṣáà kà á, sà."

Ó ń ṣa á, ó ń ráhùn, ó ń kà. "Mọ́kànlélógójì," ló wí. "Ọ̀kan ti jẹrà, bí ọpọlọ tìẹ."

Mo ní háà. Àkúdàáyà tó kàwé jù mí lọ rèé!

Nígbà tí mo sọ ohun tí Màmá wí fún un, ó jókòó sórí òkúta, ó gbé àdá sílẹ̀.

"Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà," ló wí. "Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà, mo dá a lóhùn, kí n tó pa ẹnu dé ó tún ti bi mí. Lánàá ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé yín.' Uriel, bí nǹkan kan tó ní ojú mi bá wà nínú ilé yìí, bá mi lé e jáde. Ìyàwó mi ni mo fẹ́."

"Ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni."

"Ìwọ tó o sá fún ewúrẹ́ ní Jímọ̀ tó kọjá?"

"Bàbá, ewúrẹ́ yẹn kì í ṣe ewúrẹ́ lásán."

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá kú, tó di ọjọ́ kẹsàn-án, a máa ń tún yàrá rẹ̀ tò. A ó yí bẹ́ẹ̀dì, a ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò láyè rẹ̀, a ó dojú jígí kọ ògiri. Bí òkú bá padà wá, kò ní mọ yàrá náà mọ́. Á ní òun ṣìlé, á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì tó ti wà lábẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, mo gbé e lọ sí ògiri kejì. Kọ́bọ́ọ̀dù wọn wúwo tó ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, èmi nìkan ni mo gbé e, ọwọ́ kan. Bàbá Ferron kàn gbé apá kejì ni. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Nígbà tá a parí, ó wọlé. Ó rìn lọ tààrà sábẹ́ fèrèsé, ó yí ẹ̀yìn padà, ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá Ferron ló gbá a mú. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri láti igun dé igun, bí afọ́jú.

"Ilé ta ni èyí?" ló bi wá, jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣeun, ẹ gbà mí lálejò dáadáa. Ó ti tó. Mo fẹ́ máa lọ sílé."

Ara mi bù máṣọ. Nínú gbogbo wa tá a wà nínú yàrá yẹn, òun nìkan ni kò mọ yàrá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìkùukù sọ̀kalẹ̀. Bàbá Ferron lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Màmá ò sí. Aṣọ funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ jáde. Àfonífojì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa jìn débi pé òkúta tí bàbá mi jù sínú rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Icilda! Icilda o!"

Ìkùukù gba ohùn Bàbá Ferron, ó ń dá a padà láti ibi tí Bàbá Ferron ò sí, tó fi dà bíi pé ọkọ mẹ́ta ló ń wá ìyàwó kan ṣoṣo. Èrò kan sì já mi láyà: bí Màmá bá gbọ́ ohùn yẹn, ohùn ọkọ tó ti kú, ṣé kò ní máa sá lọ síwájú ni, síbi tí ilẹ̀ ti pin?

Bí mo ṣe rí i nìyí, bí mo sì ṣe sọ ọ́ fún gbogbo ayé nìyí. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fún máìlì méje. Mo ń gbóòórùn ọṣẹ rẹ̀ nínú ìkùukù. Ẹranko olójú mẹ́rin kan dí mi lọ́nà, mo gbá a létí, ó bẹ̀ mí. Mo wá gun igi gbẹ̀rẹ̀fútù kan kí n lè ríran jìnnà. Láti orí igi yẹn ni mo ti rí Màmá, mo sì ké tantan tí Bàbá Ferron fi gbọ́. Abẹ́ igi náà ló wà, ó jókòó sórí òkúta ìpìlẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ilé bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí i. Ilé ló ń wá lóòótọ́.

Bàbá Ferron bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó dà á bò ó.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni Màmá wí fún un.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Marva gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní kí n kó òtílí tó wà lápò mi wá, ó to mẹ́wàá sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Màmá na ìka. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó dúró. Ó wo òtílí yẹn bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dà wọ́n síbẹ̀. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó tún dúró. Fáànù ń yí lókè. "Ení..."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Màmá ni! Màmá gan-an ni òkú!"

"Uriel Pottinger, padà wá jókòó! Òkú wo ló ń gbóná lára báyìí? Ìwọ káfíńtà, ṣé o mọ ikán?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Òde igi á máa dán, inú rẹ̀ á máa ṣófo. Àìsàn kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọpọlọ. Alusáímà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òkú, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán. Òun ni mo fura sí. Dókítà á yẹ̀ wọ́n wò, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí àìsàn míì tó ṣeé wò wà tó máa ń jọ ọ́."

"Ṣé ó lóògùn?" ni Bàbá Ferron bi í.

"Èyí tó máa lé e lọ pátápátá kò tíì sí, Bàbá. Èyí tó ń mú un rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ wà, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Lọ́jọ́ míì, iná á tàn, wọ́n á rántí ohun tẹ́ ẹ ò rò. Ṣùgbọ́n oògùn tẹ́ ẹ ní nílé, ẹ ti gbé e kúrò láyè rẹ̀. Ta ló tún yàrá tò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fáànù.

"Orí Màmá ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ṣì mọ̀nà dé bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ wọn ṣì mọ ibi tí ife wà. Ilé yẹn ló ń bá wọn rántí. Ẹ ní ẹ fẹ́ lé òkú, alààyè lẹ lé jáde."

Bàbá Ferron nu ojú. "Bó bá tún ní mo ti kú ńkọ́? Ṣé kí n máa fi ìwé ìgbéyàwó hàn án ni?"

"Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, iyàn kì í sì í lé ẹ̀rù. Ẹ ní ọkọ wọn ló ní kí ẹ máa bá òun ṣọ́ wọn. Ṣé irọ́ ni?"

Bàbá Ferron mi orí. "Rárá. Kì í ṣe irọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ padà. Àpá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára pákó ilẹ̀, mo gbé e lé wọn. Jígí nìkan la fi aṣọ bò, torí Màmá ti ń bá ìyá arúgbó kan tó wà nínú rẹ̀ jà. Ó wọlé, kò wolẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà lábẹ́ fèrèsé, ó jókòó. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀.

"Ẹn-ẹn," ló wí. "Mo délé."

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí àgbà ilé yín bá ń gbàgbé débi pé ó ń fi iyọ̀ sí kọfí, tó ń sọnù lójú ọ̀nà tó mọ̀, tó ní ọkọ òun kì í ṣe ọkọ òun, ẹ má pe èmi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kíá. Ẹ má pè é ní àjẹ́, ẹ má pè é ní wèrè, ẹ má sì nà án. Ẹ jẹ́ kí nǹkan wà níbi tó mọ̀ wọ́n sí. Ẹ so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí aṣọ rẹ̀: Bàbá Ferron fi òwú pupa rán tirẹ̀ sí ọrùn aṣọ funfun yẹn. Ẹ sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí òun náà lè sùn. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni tèmi. Màmá ti ń pè mí ní dókítà.

Nọ́ọ̀sì Marva wá ní ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní fífi ṣe fíìmù, ó pe ẹni tó ní kámẹ́rà. Bàbá Ferron ṣe ara rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ṣe Màmá, èmi sì ṣe èmi, mo tiẹ̀ ṣe mí jù bí mo ṣe rí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé ìwé, gbogbo òkè wá wò ó. Ìkùukù ń gba àárín wa kọjá, ojú àwọn tó wà nínú fíìmù ń yọ, ó ń parẹ́, bíi pé àwa gan-an ni wọ́n wá wò.

Iwájú ni Màmá jókòó sí, Bàbá Ferron wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ferron yọ lára ògiri, tó ń ké "Icilda o!" nínú ìkùukù, Màmá dìde.

"Ferron nìyẹn," ló wí. "Ọkọ mi nìyẹn. Ó ń wá mi." Ó yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Bàbá Ferron ṣí fìlà rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, mà. Òun ló ní kí n máa bá òun ṣọ́ yín."

"Èèyàn dáadáa ni," ni Màmá wí. Ó jókòó, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ọwọ́ ọ̀gá náà.

Ìgbà yẹn ni èmi yọ, lórí igi gbẹ̀rẹ̀fútù, àyà mi yọ síta bíi ti ọ̀gágun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Irọ́!" Ohùn Màmá ni, ó mọ́ gaara bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé abẹ́ igi. Ọmọ yìí ló rí mi nínú aṣọ funfun, ó ké 'Yéè, òkú!', ó fò gun orí igi. 'Ìyá mi o! Ìyá mi o!' Mo ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó ní àfi kí n kọ́kọ́ kà dé mẹ́wàá."

Ẹ̀rín bú jáde. Nọ́ọ̀sì Marva yíjú sí mi. "Uriel, igbe tí Bàbá Ferron gbọ́ nìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n ń gbàgbé..."

"Ó ń gbàgbé lóòótọ́," ni Bàbá Ferron wí, "ṣùgbọ́n sòkòtò rẹ tutù nígbà tí mo gbé ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí igi. O ní ìrì ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ìkùukù bo ojú Màmá, ó tún ṣí i. Ó ti ń wò mí. Ó na ìka sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́:

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta..."

Mi ò dúró gbọ́ ẹ̀rin.